Pablo Iglesias ti Podemos: ta ní ń ta màlúù ra ewúrẹ́?

Àdùkẹ́Gbohùngbohùn | Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọwọ́ mi há, ẹ wá bá mi yọ ọ́.

Mo ní ètò kan lórí rédíò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, níbi tí mo ti ń sọ ìtàn olóṣèlú ilẹ̀ òkèèrè kan ní Yorùbá tí ìyá aláta yóò gbọ́ tí kò ní yí rédíò rẹ̀ kúrò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Pablo Iglesias ará Sípéènì ló kàn, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ Podemos sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni olóòtú wa dá a padà.

Àkọ́kọ́ ni pé mo kọ ọ́ pé ọkùnrin yìí di igbákejì olórí ìjọba ní oṣù kìíní 2020, pé nígbà tó di oṣù kẹta 2021 ó fi ipò yẹn sílẹ̀, ó lọ du ìjókòó ní ilé aṣòfin Madrid. Olóòtú fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé, “Ta ní ń ta màlúù ra ewúrẹ́?” Mo ti ka ìwé ìròyìn títí ojú ń ta mí, mi ò rí èsì kan tó ṣeé fẹnu sọ.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ “apá òsì” yìí. Ọmọ tó ń bá wa mójú tó ẹ̀rọ, ọmọ Ìbàdàn ni, ẹ sì mọ̀ pé “ṣ” kì í sí lẹ́nu wọn. Bí mo ṣe ka “olórí ẹgbẹ́ apá òsì” báyìí, ó ní, “Àǹtí, ẹgbẹ́ òsì kẹ̀? Ta ló fẹ́ dìbò fún ìsẹ́ òun òsì?” Gbogbo sítúdíò bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rò ó pé bí ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá gbọ́ ọ báyẹn, báwo ni awakọ̀ tó wà ní Mọ́kọ́lá ṣe máa gbọ́ ọ?

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń wọ sítúdíò. Ẹ dákun.

Akin_Lavapiés | Ọjọ́ Ajé, 9:52 àárọ̀

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Madrid ni mo wà láti 2007, àdúgbò Lavapiés ni mò ń gbé, níbi tí wọ́n ti kéde ẹgbẹ́ yẹn gan-an, nínú ilé eré kékeré kan tó ń jẹ́ Teatro del Barrio, ní 17 oṣù kìíní 2014.

Olóòtú yín ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ohun tó pè ní màlúù yẹn kì í ṣe màlúù. Bí ọmọ Nàìjíríà bá gbọ́ “igbákejì”, ẹni tí wọ́n dìbò yan òun àti ààrẹ pọ̀ ló ń rò, tó jẹ́ pé bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ààrẹ, òun ló gorí àga. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Ọba ni olórí orílẹ̀-èdè. Olórí ìjọba ló ń ṣàkóso, òun náà ló sì ń yan igbákejì, iye tó bá wù ú. Mẹ́rin ni Pedro Sánchez yàn ní oṣù kìíní 2020! Ìkejì nínú mẹ́rin ni Iglesias, wọ́n wá fi iṣẹ́ mínísítà ẹ̀tọ́ àwùjọ kún un. Àpò owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá ò sí lábẹ́ rẹ̀. Òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀, ìjókòó 35 ni wọ́n ní nínú 350. Ẹgbẹ́ Sánchez ní 120. Ẹni tó wá jẹun nílé ẹlòmíràn ni, kì í ṣe onílé.

Ẹ wá wo ewúrẹ́ ọ̀hún. Madrid ni wọ́n ti rì ìwọ́ ẹgbẹ́ yẹn mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta 2021, Isabel Díaz Ayuso tó ń ṣe olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fún PP, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún, ṣàdédé pe ìdìbò. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá kó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, kò ní rí ìjókòó kan ṣoṣo. Méje péré ni Podemos ní nílẹ̀, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ òṣèlú sì ń sọ pé ó lè já sí òfo. Bí ẹgbẹ́ bá kú sí ìlú tí wọ́n ti bí i, ta ni yóò tún bẹ̀rù mínísítà rẹ̀? Òun ni gbogbo ènìyàn mọ ojú rẹ̀ jù. Ó gbé ara rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dìbò ní 4 oṣù karùn-ún, mẹ́wàá ni wọ́n mú. Ilé ò wó. Ṣùgbọ́n Ayuso kó 65 nínú 136. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Iglesias jáde sí wọn, ó ní òun fi òṣèlú sílẹ̀. Ìjókòó tó dù gan-an, kò jókòó lé e.

Ọmọ_Ṣàgámù | Ọjọ́ Ajé, 10:20 àárọ̀

Ẹ má bínú o, ṣé Pablo Iglesias yìí náà ló dá ẹgbẹ́ Sósíálísì wọn sílẹ̀? Mo wò ó lórí Google, mo rí i pé 1850 ni wọ́n bí i. Bàbá yìí lókun o.

TíṣàFẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ajé, 10:41 àárọ̀

Ọmọ Ṣàgámù, ìwọ àti Google ni kí ẹ jọ lọ kàwé.

Méjì ni wọ́n. Pablo Iglesias Posse, atẹ̀wé tó ń to lẹ́tà òjé, ni wọ́n bí ní El Ferrol ní 1850. Òun àti àwọn bíi mélòó kan ló dá PSOE, ẹgbẹ́ Sósíálísì tí Sánchez wà nínú rẹ̀ lónìí, sílẹ̀ ní 2 oṣù karùn-ún 1879, nínú ilé ọtí kan ní Madrid tí wọ́n ń pè ní Casa Labra. Ó kú ní 1925. Èyí tí Àdùkẹ́ ń wí, Pablo Iglesias Turrión, 1978 ni wọ́n bí i. Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ti àkọ́kọ́ sọ ọ́ ni. Orúkọ ọmọ ro ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò wọ ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kọ́múnísì, nígbà tó sì dàgbà, PSOE ló fẹ́ kó lójú.

Ọ̀rọ̀ apá òsì kò le. Ní Faransé, 1789, àwọn tó fẹ́ dín agbára ọba kù jókòó sí apá òsì ẹni tó darí ìpàdé, àwọn tọba jókòó sí apá ọ̀tún. Láti ibẹ̀ ló ti wá. Sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, ìyá aláta yóò gbọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ẹ, ọmọ mi, n ò ní lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọmọkùnrin yìí. Julio Anguita ni n bá sọ. Màá padà wá.

Ìyá_Ìbejì_Zaragoza | Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìwé ò pọ̀ lórí mi bíi ti Tíṣà, ohun tí mo fojú rí ni màá sọ.

Ní 2018, ìyá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú nílé wọn. Owó oṣù tí òfin ní kí ó kéré jù ni wọ́n ń san fún mi, Yúrò 735 àti díẹ̀. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ọmọ ìyá yẹn pè mí sí ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò sórí tábìlì, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mí kanlẹ̀. Ó ní láti oṣù kìíní, ó ti di 900. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Onírun gígùn yẹn.” Kò bú u, kò yìn ín. Ó kàn yí ẹ̀rọ náà sí mi kí n wo nọ́ńbà.

Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi ń dá nígbà tí wọ́n bá ń bú ọkùnrin yẹn. Kòró dé, ilé oúnjẹ tí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ sí ti ilẹ̀kùn, ìjọba ń san owó fún un nílé, wọn ò lé e. Òun náà ló ṣe é.

Gbẹ̀du_Òtítọ́ | Ọjọ́ Ajé, 1:33 ọ̀sán

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sí àyè rẹ̀. Owó oṣù 900 yẹn, òótọ́ ni, òun àti Sánchez fọwọ́ sí i nínú àdéhùn ìsúnà ní oṣù kẹwàá 2018, kò sì tíì sí nínú ìjọba nígbà náà. Owó tí wọ́n san fún ọkọ yín nígbà Kòró, Yolanda Díaz tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ ló gbé e ru. Iglesias ló mú un wọ ìjọba, àmọ́ ẹni tó júwe olóko kọ́ ló kọ ebè.

Àǹtí Àdùkẹ́, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn olùgbọ́ yín mọ ìdí tí ẹgbẹ́ yẹn fi rọ, ọ̀rọ̀ ilé ni kí ẹ sọ. Ní 2012, ọkùnrin yìí kọ ọ́ sórí Twitter, ó ń fi mínísítà ètò ọrọ̀ ajé ìgbà yẹn, Luis de Guindos, ṣe yẹ̀yẹ́: ṣé ẹni tó ná ọ̀kẹ́ mẹ́fà... ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ìṣirò ọ̀kẹ́ mọ́. Ẹni tó ná Yúrò 600,000 sórí ilé, ṣé òun lẹ fẹ́ fa ọrọ̀ ajé yín lé lọ́wọ́? Ní oṣù karùn-ún 2018, òun àti ìyàwó rẹ̀ Irene Montero ra ilé kan ní Galapagar, lẹ́yìn odi Madrid, pẹ̀lú ọgbà àti odò ìwẹ̀. Elòó? Nǹkan bí Yúrò 600,000. Ẹnu rẹ̀ ló fi pa á. Ọmọ Vallecas ni, ibi táwọn òṣìṣẹ́ ń gbé, ìyẹn ló sì fi ń jẹun.

Ìyá_Ìbejì_Zaragoza | Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Ilé ẹ̀yáwó ni. Ìbejì sì wà nínú ìyàwó rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ti tọ́ ìbejì rí nínú yàrá méjì kó wá bá mi sọ̀rọ̀ ọgbà.

Akin_Lavapiés | Ọjọ́ Ajé, 2:15 ọ̀sán

😂 Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ borí.

Gbẹ̀du, òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ nípa ilé. Èyí tí o fò ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá kí òun àti Montero kọ̀wé fipò sílẹ̀ torí ilé. Ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n dúró. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló burú ju ilé lọ. Ilé jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni. O wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ wá ní láti jáde dìbò fún odò ìwẹ̀.

Nígbà tó wá di 2020, àwọn ènìyàn kan ń lọ dúró síwájú ilé yẹn lójoojúmọ́, oṣù lórí oṣù, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú wọn, ọmọ kékeré mẹ́ta sì wà nínú ilé. Ní oṣù kẹrin 2021, nígbà ìpolongo ìbò Madrid, ọta ìbọn ni wọ́n dì sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ kejì ó lọ sí àríyànjiyàn lórí rédíò, ìyáàfin tó ń ṣojú Vox, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpẹ̀kun apá ọ̀tún, fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn bíi pé irọ́ ni. Ó dìde, ó jáde. Ẹ má fò ìyẹn o, àǹtí, torí orí rédíò ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà sì wà lórí rédíò.

Lékan_Ògbufọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ọ̀rọ̀.

Kò yẹ kí “apá òsì” jẹ́ orúkọ tí ẹ ó máa pè léraléra. Àlàyé Tíṣà dára, àmọ́ etí kì í dúró de àlàyé. Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ilé bàbá ẹni, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n fi òsì júwe ìlú. Ẹ máa pè é ní “ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù”, tàbí “ẹgbẹ́ tó ń jà fún mẹ̀kúnnù”. Ẹ má ṣe pè é ní “onítẹ̀síwájú” rárá. Láti ayé Awólọ́wọ̀ títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ti ní olówó nílẹ̀ wa, àwọn olùgbọ́ yín á máa wá fìlà.

Podemos ńkọ́? Ohun tó túmọ̀ sí ni “a lè ṣe é”. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi, “Apá wa ká a” ni mo máa sọ. Ẹ wò ó, ẹ ti rí apá yín. Ẹ kàn yọ òsì kúrò lẹ́yìn ẹ̀ ni.

TíṣàFẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ajé, 6:30 ìrọ̀lẹ́

“Apá wa ká a” dùn. Mo gbà.

“Ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù” ni n kò gbà. Ta ni àwọn tó dá a sílẹ̀? Olùkọ́ yunifásítì Complutense ni wọ́n: Iglesias, Íñigo Errejón, Juan Carlos Monedero. Iglesias gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òṣèlú ní 2008. Láti 2010 ló ti ń darí ètò àríyànjiyàn kan, La Tuerka, lórí tẹlifíṣọ̀n àdúgbò kékeré kan ní Vallecas, kó tó di pé àwọn tẹlifíṣọ̀n ńlá ń pè é. Mẹ̀kúnnù tẹ̀lé wọn, òótọ́ ni, torí ebi ń pa wọ́n. Ní 2013, nínú ènìyàn mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá iṣẹ́ ní Sípéènì, ó lé ní ẹnì kan tí kò rí iṣẹ́. Nínú àwọn ọ̀dọ́, ó ju ìdajì lọ. Báńkì ń lé ènìyàn jáde nínú ilé. Ìbínú tó kún gbàgede Puerta del Sol ní Madrid ní 15 oṣù karùn-ún 2011 ni àwọn olùkọ́ yìí wá rọ sínú ìgò. Àwọn kọ́ ló pọn ọtí, ìgò ni tiwọn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí màlúù ti kú, torí kì í ṣe 2021. 2016 ni. Ní ìdìbò 20 oṣù kejìlá 2015, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ mú ìjókòó 69, ìbò wọn lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. PSOE mú 90. Ìyàtọ̀ ìbò wọn ò tó nǹkan. Ní 22 oṣù kìíní 2016, Iglesias lọ kí Ọba, ó jáde síta, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì sọ fún akọ̀ròyìn pé òun ti ṣetán láti jẹ́ igbákejì Sánchez, ó ka àwọn ipò tí ẹgbẹ́ òun fẹ́. Sánchez tó wọlé tọ Ọba lọ lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbọ́! Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n ń pín ẹran ìyàwó, ọkọ ò tíì gbọ́ pé òun ń gbéyàwó. Ní oṣù kẹta, Sánchez wá ìbò ilé aṣòfin láti di olórí ìjọba pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, Podemos dìbò pé rárá. Wọ́n tún ìdìbò ṣe ní oṣù kẹfà. Iglesias dara pọ̀ mọ́ Izquierda Unida, ẹgbẹ́ tí àwọn Kọ́múnísì wà nínú rẹ̀, ó ń retí pé òun yóò fo PSOE kọjá. Ìjókòó 71 ni wọ́n mú pọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ìbò ló dànù. Rajoy ti ẹgbẹ́ PP jókòó padà sórí àga olórí ìjọba. Láti ìgbà yẹn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ: 42 ní oṣù kẹrin 2019, 35 ní oṣù kọkànlá.

Ẹni tó kọ̀ nígbà tó ní 69, tó wá gbà nígbà tó ku 35. Ìyẹn ni kí olóòtú yín fi bírò pupa fà ní ìlà.

Akin_Lavapiés | Ọjọ́ Ajé, 7:02 alẹ́

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ń sọ ọ́ bíi pé Sánchez nawọ́ ipò sí i ní 2016. Kò nawọ́ nǹkan kan. Ciudadanos ni Sánchez bá ṣe àdéhùn, ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ fojú kan Podemos. Kódà ní oṣù keje 2019, Sánchez ní Iglesias fúnra rẹ̀ ni ìdènà. Iglesias ní ó dáa, òun ò ní wọ ìjọba, ẹ gba àwọn ènìyàn mi. Kò bọ́ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án, Sánchez ní òun ò ní lè sùn lóru bí òun bá fi irú wọn ṣe mínísítà. Wọ́n dìbò ní 10 oṣù kọkànlá. Ní 12, ọjọ́ kejì péré lẹ́yìn ìdìbò, wọ́n dì mọ́ ara wọn níwájú kámẹ́rà. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí i ní 7 oṣù kìíní 2020 pẹ̀lú ìbò 167 sí 165. Ìbò méjì! Ìjọba àjùmọ̀ṣe àkọ́kọ́ láti ayé Orílẹ̀-èdè Olómìnira ti 1930 sókè.

Ta ló sùn, ta ni kò sùn, a ò mọ̀.

TíṣàFẹ̀yìntì | Ọjọ́ Ajé, 7:20 alẹ́

Mo gbà fún ọ lórí 2019. Lórí 2016, mo dúró síbi tí mo wà.

Ó ku Anguita tí mo ṣèlérí. Olùkọ́ ilé ìwé ni, wọ́n bí i ní Fuengirola ní 1941. Ó di méyọ̀ Córdoba ní 1979, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísì, wọ́n ń pè é ní Kálífà Pupa. Òun ló darí Izquierda Unida dé ìjókòó 21 ní 1996. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni yóò bá ṣe, ìdáhùn rẹ̀ ni “ètò, ètò, ètò”: ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ ṣe hàn mí kí n tó bá yín jókòó. Ọkàn rẹ̀ ló dá a dúró. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ owó ìfẹ̀yìntì aṣòfin, owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ló ń jẹ. Ní 7 oṣù kẹrin 2003, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀ròyìn kú sójú ogun ní Ìráàkì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ọ̀rọ̀ láti bá èrò kan sọ, kò fagi lé e. Ó dìde síwájú wọn, ó fi ogun àti àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn gégùn-ún. Ó kú ní oṣù karùn-ún 2020.

Tíṣà ni èmi náà. Ẹ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Gbẹ̀du_Òtítọ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Àti pé nínú ìpolongo 2016, Anguita wá bá Iglesias lórí pèpéle ní Córdoba, wọ́n dì mọ́ra, omijé bọ́ lójú Iglesias. Ẹ fi ìyẹn so wọ́n pọ̀, Tíṣà á dúnnú.

Akin, ó ku ohun kan tí o fi pamọ́ nínú ìtàn Madrid rẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ òsì ibẹ̀ ló ń kú lọ. Errejón, ọ̀rẹ́ Iglesias àtijọ́, tí Iglesias ti nà ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní oṣù kejì 2017, ti lọ dá ẹgbẹ́ Más Madrid sílẹ̀ pẹ̀lú Manuela Carmena, méyọ̀ Madrid ìgbà náà. Nígbà tí Iglesias sọ̀ kalẹ̀ ní 2021, ó ní kí àwọn jọ ṣe é. Mónica García tó ń darí Más Madrid ní ó ṣeun, àwọn obìnrin ò ní ṣe iṣẹ́ títí kí ọkùnrin wá ní kí wọ́n sún. Ìjókòó 24 ni García mú, Iglesias mú 10. Nítorí náà ẹni tó wá gba ilé là bá onílé tó ti ń tún un ṣe.

Akin_Lavapiés | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 àárọ̀

Mi ò fi pamọ́, ọ̀rọ̀ ló gùn. Àmọ́ o gbá a.

Àdùkẹ́Gbohùngbohùn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti tún un kọ. “Apá wa ká a” ti wọlé. Apá òsì, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́, pẹ̀lú ìjókòó Faransé, lẹ́yìn náà “ẹgbẹ́ Iglesias” ni mò ń wí. Tíṣà, ẹ má bínú, Anguita ń bọ̀ lọ́tọ̀, ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ ni màá fún un.

Ohun tó kù ni ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ “wọ́n bí i ní”. Ṣé ẹnikẹ́ni ní nǹkan tí ojú lè rí?

Akin_Lavapiés | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:17 alẹ́

Mo ní ọ̀kan.

Nígbà ìdìbò sí ilé aṣòfin Yúróòpù ní 2014, mi ò tíì ní ìwé ọmọ onílùú, nítorí náà mi ò lè dìbò. Ọdún mẹ́wàá ni ọmọ Nàìjíríà ń gbé níbí kó tó lè béèrè fún un, 2019 ni mo kọ́kọ́ dìbò. Ṣùgbọ́n ìyá onílé mi, arúgbó opó kan tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ PSOE, ń gba ìwé ìdìbò nínú lẹ́tà. Níbí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, wọ́n á kó wọn sílé fún ẹ, o máa yan ọ̀kan, o máa fi sínú àpò ìwé. Ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni to káàdì. Gbogbo wọn ní àmì ẹgbẹ́: òdòdó, ẹyẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní ojú ènìyàn, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó di irun sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ náà ò tíì pé oṣù márùn-ún, ojú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ènìyàn mọ̀, wọn ò mọ orúkọ Podemos. Ìyá náà fi ìka tẹ ojú yẹn, ó ní, “Eléyìí ń bínú bíi tèmi.” Ó kó àwọn yòókù dànù.

Ìbò ìyá yẹn wà nínú mílíọ̀nù 1.2 tí wọ́n kó lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún. Ìjókòó márùn-ún ní ilé aṣòfin Yúróòpù.

Ó ti kú báyìí. Ní 2018, ọ̀rọ̀ ilé Galapagar, mo bi í. Kò dá mi lóhùn, ó ní kí n bá òun gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Àdùkẹ́Gbohùngbohùn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:25 alẹ́

Ah. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n parí rẹ̀ síbi ìkòkò?

Gbẹ̀du_Òtítọ́ | Ọjọ́rú, 7:44 àárọ̀

Ẹ má parí síbẹ̀ o, ìtàn ọkùnrin yẹn ò tíì parí. Ó gé irun yẹn ní oṣù karùn-ún 2021. Yolanda Díaz ló fà kalẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n dìjà: Díaz dá ẹgbẹ́ Sumar sílẹ̀, Sumar mú ìjókòó 31 ní 2023, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ti Podemos, kí ọdún tó parí márùn-ún yẹn ti jáde. Òun fúnra rẹ̀ padà sí ibi tó ti wá, ó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n orí íntánẹ́ẹ̀tì, Canal Red. Àwọn kan ní kò fi òṣèlú sílẹ̀ rí, gbohùngbohùn ló pàrọ̀.

Akin_Lavapiés | Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀

Ó tún ṣí ilé ọtí kan ní 2024, Taberna Garibaldi, ní àdúgbò mi níbí.

TíṣàFẹ̀yìntì | Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Pablo Iglesias àkọ́kọ́ wọ ilé ọtí, ó gbé ẹgbẹ́ jáde. Èkejì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó gba ilé ọtí lọ. Àdùkẹ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ lórí ìyẹn.

Àdùkẹ́Gbohùngbohùn | Ọjọ́rú, 8:19 àárọ̀

Bàbá!!! Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Akin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹ ka orúkọ wọn sínú fóònù fún mi bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é, Iglesias, Errejón, Galapagar. Errejón yẹn ń há mi lọ́fun.

Akin_Lavapiés | Ọjọ́rú, 8:26 àárọ̀

Ẹ pè é bí ẹni fẹ́ tu itọ́ tó wá yí ọkàn padà. Màá gba ẹnu ọ̀nà ilé ọtí yẹn kọjá lálẹ́ òní, màá gba ariwo ibẹ̀ sínú fóònù mọ́ ọn, ẹ lè fi sábẹ́ ohùn yín.

Ọmọ_Ṣàgámù | Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Bọ̀dá Akin, bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ bá wa wo iye tí wọ́n ń ta bíà. Ká mọ̀ bóyá ti mẹ̀kúnnù ni.